Ojú ọmọ mi jọ aró, ẹnu ayé kò sì jẹ́ ká gbádùn: kí ni kí n máa fèsì?

Ìyá Àṣàkẹ́, Asẹ́rò

Ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin àǹtí, àti ẹ̀yin bàbá tó bá ń ka èyí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àkọ́bí mi ti pé oṣù mẹ́rin. Ara rẹ̀ dúdú bíi tèmi àti ti bàbá rẹ̀, irun rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì jẹ́ búlúù, bí aró tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. A ti bèèrè nínú ẹbí èmi àti ti ọkọ mi, kò sí ẹni tó ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ojú ọmọ kọ́ ló ń dà mí láàmú, ẹnu àwọn èèyàn ni. Bí mo bá wọ mọ́tò láti Asẹ́rò lọ sí Kútọ̀ níbí l'Abẹ́òkúta, ẹni tó jókòó tì mí á ti fa aṣọ kúrò lójú ọmọ kí a tó rìn jìnnà. "Haa, ojú ológbò!" "Ṣé òyìnbó ni bàbá ẹ̀ ni?" "Ṣé ó ń ríran ṣá?" Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó ń ta ata ní Kútọ̀ fẹ́ fi àtàńpàkò ṣí ìpéǹpéjú ọmọ mi kó lè rí i dáadáa. Ọwọ́ tó fi ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ata rodo fún mi ni o, hóró ata ṣì wà ní abẹ́ èékánná rẹ̀.

Ẹnì kan ní ìjọ wa ní kí n gbé e lọ bá wòlíì, pé ọmọ náà kì í ṣe ọmọ lásán. Ìyá ọkọ mi, tí ń kò ní ẹjọ́ kankan bá rò, ti gbé tìróò wá. Wọ́n ní bí a bá ń lé e sí i lójú láràárọ̀, ojú á dúdú. Mo ti wá ń fa fìlà bo ojú rẹ̀ tí a bá ti fẹ́ jáde.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni ẹ máa ń sọ fún àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí? Kí ni mo sì lè sọ fún màmá tí kò ní dà bí àfojúdi?

Aláàdìrẹ Ìtokú

Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ kú oríire ọmọ o. Á gbó, á tọ́, á ṣojú yín láǹfààní.

Kí n má parọ́ fún yín: ọjọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ yìí gba ọ̀dọ̀ wa ní Ìtokú, gbogbo ìsọ̀ ló máa dìde. Aláró ni wá, a ò lè rí ojú bẹ́ẹ̀ ká dákẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo yẹn, ayọ̀ ló bò wọ́n mọ́lẹ̀, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ lọ́nà jẹ́jẹ́. Ti irú wọn kò le. "Ẹ ṣé o, Ọlọ́run ló fún wa," kí ẹsẹ̀ yín má sì dúró. Ẹ jẹ́ kí ojú yín máa rẹ́rìn-ín kí ẹsẹ̀ yín máa lọ.

Ẹni tó ń bèèrè bàbá ọmọ, ìyẹn ń wá ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ fún un ní ohun tó wá: "Bàbá ẹ̀ wà nílé, ṣé kí n bá yín kí i?" Mi ò tíì rí ẹni tó máa ní òun ṣì ní ìbéèrè lẹ́yìn ìyẹn.

Ti oníata yẹn ni inú ń bí mi sí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbá mú, kí ẹ tó wá gbólóhùn tí ẹ máa sọ. Kò sí àgbà tó tó ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún kó ti ọwọ́ ata bọ ọmọ lójú.

Bàbá Dàda

Orí dàda ni ọmọ tèmi gbé wáyé. Gbogbo Ẹ̀gbá ló mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan orí dàda lásán, owó ni wọ́n fi ń kàn án. Èmi kàn sọ ọ́ di òfin ojú ọ̀nà: kí ọwọ́ tó dé orí ọmọ mi, ọwọ́ tèmi ti nà jáde. Ẹlòmíì á rẹ́rìn-ín, á fà sẹ́yìn. Ẹlòmíì á fi igba náírà sí i. Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ̀yin náà ẹ sọ pé ojú yìí, owó ni wọ́n fi ń wò ó. Kò sí ìjà níbẹ̀, owó bisikíìtì á sì yọ.

Nọ́ọ̀sì Adátán

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan mìíràn, ẹ má lé tìróò sí ojú ọmọ yìí. Ẹ má lé e sí ojú ọmọ kankan.

Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ̀ pé tìróò kò jìnnà sí ilé ìkókó l'Abẹ́òkúta. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe tìróò, òjé ló sábà máa ń kún inú rẹ̀. Ọmọ á fi ọwọ́ nu ojú, á ti ọwọ́ náà bọ ẹnu, òjé á bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Ní 2012, CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí dídènà àìsàn, tẹ ìròyìn kan jáde nípa ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní ìlú Boston. Ọmọ Nàìjíríà ni ìdílé náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún ọmọdé níbẹ̀ ló tú àṣírí pé òjé ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí, tìróò tí wọ́n rà ní ọjà ní Nàìjíríà tí wọ́n ń lé fún un ni wọ́n bá. Wọ́n gbé tìróò ọ̀hún lọ yẹ̀ wò: ó lé ní 80 nínú ìdá 100 rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Òjé náà ló pa ọmọdé bíi 400 ní Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà nínú agbo ilé. Ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́, kì í sì í hàn lójú lọ́jọ́ tó bá wọlé.

Gbogbo ewu yìí, lórí kí ni? Ìpéǹpéjú ni tìróò ń kùn, kò lè dé inú ẹyinjú kó yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Omi ọyàn náà kò lè yí i padà, àdúrà òru kò lè yí i padà. Ẹ má kán ohunkóhun sí ojú ọmọ àyàfi èyí tí dókítà bá fún yín.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wàyí. Màmá aláàdìrẹ máa fẹ́ gbọ́ èyí: kò sí aró kankan nínú ojú búlúù. Mẹ́lánìn, ohun dúdú tó wà ní ara àti irun wa, ló ń sọ ojú di dúdú. Bó bá kéré ní apá tó yí ọmọlójú ká, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀ á fọ́n ká, búlúù inú ìmọ́lẹ̀ náà ni a ó máa rí. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kí ojú ọ̀run dà bó ṣe dà. Mẹ́lánìn ṣì ń pọ̀ sí i lójú ọmọ ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí náà ojú ọmọ oṣù mẹ́rin ṣì lè dúdú díẹ̀ sí i, ó sì lè má dúdú.

Ṣùgbọ́n ojú búlúù kò wọ́pọ̀ láàárín wa, ó yẹ kí dókítà ojú rí i lẹ́ẹ̀kan. Mi ò sọ ọ́ láti fi já yín láyà. Àìsàn kan wà tó máa ń jẹ́ kí ojú ọmọ dà bíi búlúù, nítorí omi inú ojú ló ń ti ẹyinjú síta láti inú: ojú á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, á ṣe bàìbàì, omi á máa dà níbẹ̀, ọmọ ò ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀. Gílákómà ọmọdé nìyẹn, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú kíákíá. Bí ojú Àṣàkẹ́ bá mọ́ kedere, tó ń tẹjú mọ́ yín, tó ń tẹ̀lé nǹkan tí ẹ bá gbé kọjá níwájú rẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀ dé ọjọ́ tí dókítà máa rí i.

Fìlà tó ní bèbè dára, torí oòrùn máa ń ta irú ojú yẹn ju tiwa lọ. Ẹ má kàn fà á bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Oṣù wọ̀nyí gan-an ni ọpọlọ ọmọ ń kọ́ bí a ṣe ń ríran. Tí ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú mọ́tò kò bá ṣe nǹkan, kó má sáà di àṣà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an. Ṣé a wá lè gbójú fo gbogbo ohun tí àjèjì bá sọ nípa ojú ọmọ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Adátán

Rárá o, méjì wà tí mi ò ní gbójú fò, kódà bó jẹ́ ọ̀mùtí ló sọ ọ́.

Àkọ́kọ́, bí ẹnì kan bá ní "funfun ojú ọmọ yìí ti pọ́n." Bí ojú ìkókó bá di yẹ́lò, ibà pọ́njú ni, ilé ìwòsàn ni ọjọ́ yẹn náà, kì í ṣe oòrùn àárọ̀, kì í ṣe glúkóòsì. Bó bá pọ̀ jù, ó lè gba etí ọmọ, ó lè gba ọpọlọ rẹ̀. Ẹ sì kó káfúrà kúrò nínú àpótí aṣọ ọmọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní G6PD tó kéré nínú ẹ̀jẹ̀, òórùn káfúrà oníhóró funfun yẹn lè ba ẹ̀jẹ̀ irú wọn jẹ́.

Èkejì, bí ẹnì kan bá ní òun rí nǹkan funfun tó ń tàn nínú ọmọlójú, ní àárín gbùngbùn ibi tó yẹ kó dúdú. Nígbà míì inú fọ́tò ni wọ́n ti máa ń rí i: ẹ ya ọmọ pẹ̀lú iná fóònù, ojú kan pupa, èkejì funfun. Ó lè jẹ́ kátárákìtì, tó ń sọ inú ojú di funfun, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú ọmọdé. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n ń gba ẹ̀mí ọmọ là, wọ́n sì lè gba ojú náà là.

"Ojú ológbò," ẹ jẹ́ kó kọjá lọ.

Arákùnrin Sápọ́n

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa. Ojú ìyá dúdú, ojú bàbá dúdú, ọmọ olójú búlúù. Tó bá jẹ́ èmi ni, àyẹ̀wò DNA la máa kọ́kọ́ ṣe.

Aláàdìrẹ Ìtokú

Ẹ̀yin ará inú mọ́tò tí a ti ń sọ bọ̀ nìyí. Ẹ kú àbọ̀.

Bàbá Àṣàkẹ́

Èmi ni wọ́n ń bèèrè nínú mọ́tò. Ìyàwó mi ò mọ̀ pé mo wà lórí ibí. Arákùnrin, ọmọ yìí gbé ìka ẹsẹ̀ mi wá, èyí tó gun àtàńpàkò, bó ṣe wà lẹ́sẹ̀ bàbá mi náà. Ẹ fi owó DNA yín ra ẹ̀bà.

Nọ́ọ̀sì Adátán

Kí ẹ má tíì ra ẹ̀bà, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń rò ó.

Jíìnì kan ṣoṣo kọ́ ló ń pinnu àwọ̀ ojú. Èyí tó ń fa ojú búlúù lè wà lára bàbá, ó lè wà lára ìyá, kí ojú àwọn méjèèjì dúdú, kó tó wá hàn lára ọmọ. Ó tún lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ fúnra rẹ̀ láìti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni wá. Nínú àwọn ohun tó ń fún ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ojú búlúù, èyí tí wọ́n mọ̀ jù ni Waardenburg, tó ń jẹ́ orúkọ dókítà ojú ará Netherlands tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1951. Kì í hàn bákan náà lára gbogbo ẹni tó bá ní i. Nínú ẹbí kan náà, ojú ẹnì kan á jẹ́ búlúù, irun iwájú orí ẹlòmíì á funfun láti kékeré, ẹlòmíì ò sì ní í gbọ́ràn.

Nítorí náà, Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ tún bèèrè nílé. Ẹ má bèèrè ojú nìkan. Ta ló tètè hu irun funfun? Etí ta ni kò gbọ́ dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti bí i?

Bàbá Àṣàkẹ́

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà, olóògbé. Irun iwájú orí wọn funfun láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ilé-ìwé, Arúgbó ni gbogbo Ìjàyè ń pè wọ́n. A ò tiẹ̀ ronú kan àwọn nígbà tí a ń bèèrè ojú.

Olójú Aró, Lafẹ́nwá

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ níbí, mo máa ń kà á ni. Èmi ni ọmọ tí ẹ ń sọ yìí, mo kàn ti dàgbà. Ojú mi méjèèjì búlúù, irun funfun kan sì wà níwájú orí mi tí mo máa ń di mọ́ inú kíkó. Aṣọ ni mò ń rán. Oníbàárà tuntun ṣì máa ń gbàgbé ohun tó bá wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rántí. Àwọn àjèjì, mi ò rántí ojú ẹnì kan nínú wọn. Ohun tí àwọn tó gbé mi dání sọ nígbà tí àjèjì bá dákẹ́, ìyẹn ni mo rántí. Ìyá mi ní ìdáhùn kan ṣoṣo fún gbogbo ayé, wọn ò yí i padà rí: "Bó ṣe wù ú kó wá nìyẹn." Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á tún máa bá owó mọ́tò wọn lọ. Wọn kì í bínú, wọn kì í ṣàlàyé, wọn kì í tọrọ gáfárà. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí kí n tó mọ ABD. Nígbà tí mo wọ ilé-ìwé tí wọ́n ń pè mí ní ológbò, òun ni mo fi ń dá wọn lóhùn.

Àǹtí mi kan wà tó fẹ́ràn mi ju ìyá mi lọ, bóyá. Bí àwa méjèèjì bá ń lọ sí Sápọ́n, wọ́n á fi gèlè bo orí mi, wọ́n á ní oòrùn ni. Bí òjò bá ṣú, wọ́n á ṣì bò ó. Mo mọ̀ pé kì í ṣe oòrùn. Ọmọdé máa ń mọ̀. Ìyá Àṣàkẹ́, oṣù mẹ́rin kò tíì mọ nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ti ń kọ́ ọwọ́ yín bí a ṣe ń bo ọmọ yẹn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fiyè sí i: gbogbo ayé ń wo ojú mi, kò sí ẹni tó ronú kan etí. Etí mi òsì kò gbọ́ nǹkan kan. Bí wọ́n bá pè mí láti apá òsì, mi ò ní dáhùn, wọ́n á ní olórí kunkun ni mí, wọ́n á nà mí. Mo ti jẹ ẹgba púpọ̀ lórí ohun tí mi ò gbọ́. Olùkọ́ kan ló ṣàkíyèsí pé mo máa ń yí orí bíi pé mo fẹ́ gbọ́ àṣírí. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì tó gbé ojú mi wá, bó ṣe ń jáde ni mo ti ń bèèrè àyẹ̀wò etí. Dókítà ní ọmọ kọ̀ọ̀kan tí mo bá bí lè gbé e, ó sì lè má gbé e, ìdajì sí ìdajì. Etí rẹ̀ ń gbọ́ ketekete, kì í kàn ṣe ohun tí mo bá sọ ni.

Nọ́ọ̀sì Adátán

Ọlọ́run bùkún yín, màmá. Àyẹ̀wò yẹn kò ní ìrora rárá: wọ́n á ki nǹkan kékeré kan bọ etí ọmọ tó bá ń sùn, ẹ̀rọ á gbé ohùn wọlé, á gbọ́ bí etí ṣe dá a lóhùn. Bí etí bá ní àléébù, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ó dára jù kí ìrànlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sísọ má bàa pẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ kó ní ó ti gbọ́. Ọmọ á rí òjìji yín, á yí orí.

Ìyá Àyọ̀ká, Ọbáńtokò

Àfín ni ọmọ tèmi. Mo gbọ́ gbogbo ìmọ̀ràn "rẹ́rìn-ín kí o máa lọ" yẹn, mo sì ń lò ó nínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa mi ò lò ó. Ẹni tí a ò tún ní rí mọ́, kí n fi àlàyé ṣòfò fún kí ni? Ìyá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé wa ńkọ́, tó ní kí n má fún ọmọ mi ní iyọ̀ torí àfín kì í jẹ iyọ̀? Òun ló máa rí ọmọ mi lójoojúmọ́, ọmọ tirẹ̀ ni tèmi máa bá ṣeré. Ìyẹn ni mo jókòó tì, mo sọ fún un pé iyọ̀ tí mo ń jẹ ni ọmọ mi ń jẹ, oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Mo ṣàlàyé ìdí tí ojú rẹ̀ fi máa ń mì, ìdí tó fi máa ń gbé nǹkan súnmọ́ ojú. Lónìí òun ló ń pariwo lé àwọn ọmọ kéékèèké pé kí wọ́n bá Àyọ̀ká wá fìlà rẹ̀.

Kí n sì sọ èyí, kí inú má bí ẹnikẹ́ni: àwọn tó ń pe ojú Àṣàkẹ́ ní arẹwà, àwọn kan náà ló ń ké "yéè" nígbà tí wọ́n bá rí tèmi. Mẹ́lánìn kan náà ló kéré.

Ọmọ Ìjàyè

Ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀yin ìyá yìí náà ni ẹ ń gbé ọmọ sórí wásáàpù ní àárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Àjèjì wá wò ó lójú kòrókòró, ó di ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá Àṣàkẹ́, Asẹ́rò

Èmi ò gbé e síbì kankan, kódà ẹbí mi tó wà l'Ékòó ò tíì rí i. Àmọ́ ẹ rán mi létí: ọmọkùnrin kan yà á ní gáréèjì láìbèèrè, ó ní òun fẹ́ gbé e sórí Facebook pé káwọn èèyàn wá wo iṣẹ́ ìyanu. Kí ni mo lè ṣe sí irú ẹ̀?

Lọ́yà Òkè Ìléwó

Ẹni tó bí ọmọ ló ń pinnu, kò sí ìbáradọ́gba láàárín ìyá àti ọmọkùnrin gáréèjì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, abala kẹjọ, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ní òfin ọmọdé tirẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 tún wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kì í gbé òfin jáde ní gáréèjì. Ẹ ní kó pa á rẹ́ lójú yín, kó tún ṣí ibi tí fóònù ń kó àwòrán tí a ti pa rẹ́ sí, kó pa á rẹ́ níbẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe é tí ìyá bá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ tí kò sì kúrò níwájú wọn. Bó bá ti gbé e sórí Facebook, ibì kan wà tí òbí lè ti bèèrè kí wọ́n yọ àwòrán ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Ẹ ya ojú ìwé náà pa mọ́ kí ẹ tó bèèrè, torí ẹ lè nílò rẹ̀.

Ìyá Àṣàkẹ́, Asẹ́rò

Ẹ ṣé, ẹ ṣé púpọ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ màmá. (Bàbá Àṣàkẹ́, mo ti rí yín. Ẹ wá sí yàrá.)

Aláàdìrẹ Ìtokú

Ọ̀rọ̀ màmá, ẹnu yín kọ́ ni yóò ti jáde. Ọmọ bíbí inú wọn ni kó sọ ọ́. Kó má sọ pé "ìyàwó mi ní," kó sọ pé "dókítà ní kí a má fi ohunkóhun kan ojú ọmọ." Bí ìyàwó bá sọ ọ́, ìmọ̀ dé. Bí ọmọ bá sọ ọ́, ìtọ́jú ni.

Kí ẹ má sì gba tìróò lọ́wọ́ wọn kí ọwọ́ wọn wá ṣófo. Ìyá àgbà tó gbé nǹkan wá fẹ́ ṣe nǹkan fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ẹ fún wọn ní ìwẹ̀ ọmọ, ẹ fún wọn ní òrí kí wọ́n fi na ara ọmọ, ẹ ní kí wọ́n máa ki í. Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà ojú, ẹ mú wọn dání. Ohun tí wọ́n bá fi etí ara wọn gbọ́ níbẹ̀, àwọn ló máa sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ yín, wòlíì á sì rí ìdáhùn gbà.

Bàbá Àṣàkẹ́

Mo gbà. Mo máa bá wọn sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn láfún. Níbo ni ká wá gbé ọmọ lọ?

Nọ́ọ̀sì Adátán

Ẹ̀ka ojú wà ní Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, ẹ̀ka etí náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà tó ń rí ọmọ, kí ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání, kí ẹ sì tètè dé, torí èrò máa ń pọ̀. Ẹ sọ ti ẹ̀gbọ́n bàbá yín tó ní irun funfun fún wọn, kí ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá bèèrè. Tìróò, ẹ má jù ú sí ibi tí ọmọ aládùúgbò máa ti hú u, Ìyá Àṣàkẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ lé e níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń fún ọmọ lọ́mú.

Aláàdìrẹ Ìtokú

Fìlà oníbèbè tí nọ́ọ̀sì sọ, mo ń rán ti ìkókó, àdìrẹ ẹlẹ́kọ gidi, kì í ta àwọ̀.

Alábòójútó

Màmá, a ti sọ pé kí ẹ má polówó níbí.

Ìyá Àṣàkẹ́, Asẹ́rò

Èló ni, màmá?